Tápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fún Jù

                                        Ilé Bàbá Adéṣínà,
                                        Ìwàrò, Ọ̀kà-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        20 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀? Màmá wa ń kí yín. Mo mọ̀ pé ìròyìn Grace, ìyàwó yín, lẹ ń fojú wá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi bọ̀, nítorí bí n kò bá ti ìdí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ bí mo ṣe jẹ̀bi tó.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá yín bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣáṣáṣá. Suleiman mẹkáníìkì ti lọ sí Àjọwá, oyún Grace sì ti pé oṣù. Ọkọ̀ yẹn nìkan la gbójú lé tí yóò gbé e dé ọsibítù n'Íkàrẹ́. Mo bá ní kí n tún tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe fúnra mi, ìyẹn àlàfo bíńtín tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, ohun tí mo bá ti kà nínú ìwé lẹ́ẹ̀kan, mo ti di ọ̀gá níbẹ̀ nìyẹn. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ìwé ọkọ̀ ní kí ẹ́ńjìnnì ti tutù mọ́jú. Mo ti àdúrà òwúrọ̀ Sátidé dé, mo tú u, mo fi irin pẹlẹbẹ yín wọn àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì náà gbóná wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní oòrùn ni. Mo tiẹ̀ tún fún un díẹ̀ sí i kó lè dákẹ́. Nígbà tí mo ṣíná, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo àdúgbò ni mo fọ́nnu fún.

Ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Grace bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mo ṣíná, ọkọ̀ kọ̀. Mo tún ṣíná, ó kọ̀. Àwọn ará ilé tì wá wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Àkùngbá, bóyá yóò jí lọ́nà. Kò jí. Ó yí dé ìsàlẹ̀, ó dúró sáàárín àpáta. Ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá. Grace ń ké. Mo rò pé mo ti pa ìyàwó yín. Màmá, tó jókòó ti Grace lẹ́yìn ọkọ̀, tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo fèrèsé, ó sì jágbe mọ́ mi pé, "Ùwọ, kẹ̀yìn síbẹ̀!" Mo kẹ̀yìn. Nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ, mo jókòó sójú títì, mo sunkún.

Obìnrin ni. Lọ́rì oníṣu kan ló gbé wọn dé Ìkàrẹ́, wọ́n ti padà wálé, ara ìyá le, ara ọmọ náà le. Orúkọ tí ẹ kọ ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n Abíọ́nà ló mú tọ̀run wá. Ẹ bá mi sọ fún Joseph tí ẹ jọ ń gbé kó bá wa yọ̀.

Àná ni Suleiman dé. Irin pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín jù lọ kò wọ àlàfo kankan. Ó ní fáàfù ò lè padé, pé ẹ́ńjìnnì gbóná nígbà tí mo tún un ṣe, àlàfo náà sì fún pa nígbà tó tutù. Mo ń bá a jiyàn lọ́wọ́ ni Màmá, tó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, fi ayọ̀ dá sí i pé kò sí àárọ̀ kan tí òun kò ṣíná ọkọ̀ Ilésanmí òun, ìyẹn ẹ̀yin, bí ẹ ṣe pa á láṣẹ kí bátìrì má baà kú. Ó ní Sátidé pàápàá, òun jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí òun fi gbálẹ̀ tán.

Suleiman wò mí. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun." Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá dé, ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá bi yín léèrè ohun tó ṣe ọkọ̀, ẹ ní ọwọ́ mi ló le jù.

Èmi àbúrò yín tó ń tọrọ ìdáríjì,
Fọláránmi.