Ẹni Tí Ẹ Ń Gégùn-ún Fún Nítorí Akínbọ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù ìlú òyìnbó. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí Tóyìn, àbúrò mi. Mo kí àwọn àgbà ìjọ wa ní Ìkọ̀yà, àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n gbàdúrà lé mi lórí kí n tó rìnrìn àjò.

Ìyá mi, ẹ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá pẹ̀lú ẹkún. Ẹ ní ọlọ́pàá wá mú Akínbọ̀ nínú oko yín, nígbà tí ìdána òun àti Tóyìn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ní kí n bá yín wá lọ́yà tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹ ní gbogbo ìlú ló ń gégùn-ún fún ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èmi ni. Gbogbo ìlú ló gbọ́ èpè náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ìlú lè gbọ́ ìdí rẹ̀.

Tóyìn kéré nígbà tí Bàbá kú, kò mọ̀ wọ́n dáadáa. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ wò, bóyá ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú igbó Ìkálẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ènìyàn lè wà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, wọ́n á dì mọ́ yín bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa lọgun, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á mú òkúta dúdú jáde nínú àpò, wọ́n á ní eyín bàbá ìyá yín ni àwọn hú rí nínú ilẹ̀. Ẹ ti bímọ mẹ́ta fún wọn, síbẹ̀ “ìyàwó tuntun” ni wọ́n ń pè yín lójú àna.

Lọ́jọ́ náà, ẹ rán mi kí n gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja lọ fún wọn níbi iṣẹ́, lọ́nà Ìjù-Odò. Ọ̀sán gangan ni. Mo ń bu omi ìfọwọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bí ogún ya jáde pẹ̀lú àdá, irin àti bẹntiróòlù. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ti gba ilẹ̀ oko àwọn. Wọ́n la irin mọ́ awakọ̀ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu títí eyín rẹ̀ fi dà sílẹ̀ tó sì dákú. Wọ́n dáná sun ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sá wọ igbó, ṣùgbọ́n Bàbá kò lè fi awakọ̀ sílẹ̀.

Mo lúgọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Mo gbọ́ tí Bàbá ń ṣàlàyé pé kò tíì sẹ́ni tó gba ilẹ̀ kankan, pé Bàbá gan-an ló ń yọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lẹ́nu kó lọ rí àwọn onílẹ̀. Bàbá wá rí Akínbọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ náà. Wọ́n ní, “Akínbọ̀, ìwọ tí o jẹun nílé mi lánàá, ṣé oúnjẹ ìyàwó tuntun kò yó ọ ni?” Àwọn ọ̀dọ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ti ń sọ àdá kalẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Ṣùgbọ́n Akínbọ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó gbé àdá, ó ṣá Bàbá lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ tú dé ara dúrọ́ọ̀mù. Bàbá fi ọwọ́ di ọrùn, wọ́n kúnlẹ̀. Ó tún ṣá ọwọ́ náà.

Bó ṣe yí padà, ó rí mi. Ó fi ìka lé ètè.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo rò pé yóò wá pa yín. Lẹ́yìn ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ro oko. Ẹ̀ ń pè é ní ọmọlúàbí lójú mi. Ìdí tí mo fi sá kúrò nílé nìyẹn.

Níbí, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé màlúù ni mo wà. Mi ò rí ẹni bá sọ Yorùbá, yìnyín sì bo ojú fèrèsé mi. Ọ̀bẹ ni mo ń dì mú látàárọ̀. Ìyá mi, mi ò ní purọ́ fún yín: ọrùn Akínbọ̀ ni mo ń gé lọ́kàn mi, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí tí mo fi gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, tí mo búra sí ohun tí mo rí, tí ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá nílé. Màá wálé wá fẹnu ara mi sọ ọ́ nílé ẹjọ́.

Mo ti bá Tóyìn sọ̀rọ̀. Ó ní Akínbọ̀ ti kìlọ̀ fún òun pé bí mo bá sọ ohunkóhun nípa ikú Bàbá, kí òun má gbà á gbọ́. Ó ní òun ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, mo mọ inú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú àdá lọ sí ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ wá.

Ìyá mi, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo dákẹ́ tí ẹ fi ń bọ́ ẹni tó pa ọkọ yín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún un ní àtìmọ́lé, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí abọ́, ẹ ní kó wo ojú yín, kó sọ ohun tí Bàbá ṣe fún un lórí ìkúnlẹ̀ tó fi ṣá wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọlọ́run yóò gbé yín ró, kò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá àwọn tó ṣépè fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀