Iná Ààrò Mi Kò Ní Kú ní Mahuta

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Síláátù kúnlẹ̀ kí yín láti Mahuta ní Kàdúná, mo kí Ìyá mi, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán, pé bí ìjọba bá ti ní kí n wó ààrò búrẹ́dì mi, kí n kó ẹrù mi, kí n máa bọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Mi ò bọ̀. Obìnrin mẹ́rin ló ń jẹun nídìí ààrò yẹn pẹ̀lú mi.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa oníbúrẹ́dì, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Háúsá, kí àwọn tó fẹ́ pa iná mi lè rí i kà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló pe gbogbo àwa tá à ń fi igi dáná ṣòwò sípàdé: àwa oníbúrẹ́dì, àwọn onísúyà, àwọn tó ń yan ẹja. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù wà nínú èéfín wa, òun ló ń mú ayé gbóná, tí òjò ò fi mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Wọ́n fún wa di ìparí oṣù láti wó ààrò wa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, jẹnẹrétọ̀ méjì ń han lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn awakọ̀ wọn ò sì pa mọ́tò níta.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè rí irú ẹ̀ kí n dákẹ́. Mo jáde, mo fi igi na áńkáṣíìfù funfun mi sẹ́nu sálẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀, níbi tí èéfín ti ń jáde. Nígbà tó dúdú tán, mo gbé e wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì wọn. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn rọra ṣàlàyé pé kì í ṣe dúdú yẹn ni àwọn ń kà, pé kábọ́ọ̀nù ò láwọ̀, ojú ò lè rí i. Wállàhí, ibẹ̀ ni mo ti mú un. Mo ní bí ojú ò bá rí i, kí ló dé tó jẹ́ èéfín tójú rí nìkan lẹ wá mú? Trélà tó ń gbé fúláwà wá láti Èkó ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń sun dísẹ́ẹ̀lì tọ̀sán tòru ńkọ́? Oko tí wọ́n ń dáná sun, àti ilé olówó? Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo ní kí wọ́n ka ti gbogbo wa, kí wọ́n wá ka tèmi, mi ò ní fi pa mọ́. Ọ̀gá wọn ní mo rí àwọn fín. Ọmọbìnrin yẹn ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo na áńkáṣíìfù mìíràn sókè ààrò tèmi. Ó dúdú ju tiwọn lọ. Ó dùn mí, Bàbá. Ikọ́ ń ṣe àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo sì ń sọ pé ọyẹ́ ni.

Ẹ̀yin mọlémọlé ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé amọ̀ ni kí n fi mọ ọ́. Mo ní ayé ti lajú, mo lo búlọ́ọ̀kù. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ooru ń jò dànù, tá a bá ti yan búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan, a tún gbọ́dọ̀ kó igi sí i. Ààrò amọ̀ tí ẹ mọ fún Ìyá, tí ẹ fi koríko po, bí wọ́n bá dáná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbóná di ọjọ́ kejì.

Èmi fúnra mi ni màá wó tèmi, kì í ṣe àwọn, kí n lè fi amọ̀ tún un mọ, kí igi àti èéfín rẹ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ irú tiyín níbí. Nígbà mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí n má rí ẹni bá sọ Yorùbá. Háúsá ni mo fi ń tajà. Ó wù mí kí n rí yín. Nítorí náà, dípò kí n máa bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ṣíbí ìrẹ́lé yín dání.

Ọlọ́hun á gbé yín dé láyọ̀, á sì dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ti rẹ amọ̀ sílẹ̀.

Ọmọ yín tí kì í gbọ́ràn,
Síláátù