Dókítà Adelé Ìrẹsà: Ìgbésí Ayé Olóògbé Rúùtù Àríkẹ́ Adéríbigbé (1964–2025)

Oṣù kẹta ọdún 1964 ni a bí Dókítà Rúùtù Àríkẹ́ Adéríbigbé ní agbo ilé Ṣàngóyẹmí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá wọn, olóògbé Àlàmú Ṣàngóyẹmí, jẹ́ oníṣẹ́ awọ, wọ́n sì di ẹ̀sìn Ṣàngó tí wọ́n bá nílé mú títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá wọn, Màmá Ògúnfúnkẹ́, tí wọ́n ń ta karosíìnì lẹ́nu ọ̀nà ilé, ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Màmá Ògúnfúnkẹ́ ṣì wà láyé. Nítorí pé òbí kì í rí sàréè ọmọ, Ọ̀yọ́ ni wọ́n jókòó sí lónìí bí a ti ń sin àkọ́bí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí ẹbí yìí kú ìnáwó. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá.

Ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n sì jáde ní 1989. Bàbá wọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n kọ, tí wọn kò mọ̀ ọ́n kà, fi ọwọ́ ara wọn rán àpò awọ pupa kan fún wọn láti máa kó irinṣẹ́ sí. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ wọn ní ó jọ àpò ọdẹ. Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń gbé e kiri títí ayé wọn.

Ní 1991, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin Adéríbigbé, olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní ìlú náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nínú ìjọ, ìyá àdúrà ni wọ́n. Bí aláìsàn bá ní omi àdúrà ni òun fẹ́ mu dípò oògùn, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á ní kó fi omi náà gbé oògùn mì.

Ọdún 2013 ni wọ́n fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, tí wọ́n di dókítà adelé. Ibi tí dókítà bá ti gba ìsinmi, tàbí tí ó ti kọjá sí òkè òkun láìdágbére, ibẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wọ́n sí: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbí, oṣù kan lọ́hùn-ún, ní àwọn abúlé tí ọ̀kadà ń fi eruku pọ́n ènìyàn lójú kó tó dé. Ìrẹsà ni wọ́n lọ jù. Bàbá Adéríbigbé, ọkọ wọn, máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Àwọn ará Ìrẹsà ni wọ́n fẹ́ Rúùtù. Èmi kàn ń bá wọn ṣọ́ ilé ni.”

Ní 2017, aboyún kan wà ní Ìrẹsà tí ń jẹ́ Dámisí, ìyàwó Ifátọ́mi àgbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ Dókítà pé, wọ́n sọ fún un pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá gbẹ̀bí rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ máa fi kún àkókò náà. Wọn kò fi kún un. Ibòmíràn ni wọ́n gbé wọn lọ. Ọjọ́ tí ìrọbí mú Dámisí, àwọn ará ilé gbé e gun ọ̀kadà láti gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Dókítà ní àwọn ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dé kí wọ́n má bá mi nílé.” Nígbà tí wọ́n máa fi agbára gbé e, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Tìyátọmọ ló bá ìrọbí náà lọ.

Nígbà tí Dókítà lọ bá wọn kẹ́dùn, Ifátọ́mi kò bínú. Ó kàn sọ pé, “Ó dúró dè yín ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́.

Láti ìgbà náà, wọn kì í kúrò níbi iṣẹ́ àfi bí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn bá dé. Wọ́n á mú dókítà tuntun káàkiri ilé àwọn aláìsàn, wọ́n á mú ọwọ́ aláìsàn, wọ́n á fi í lé dókítà náà lọ́wọ́, bí a ṣe ń fa ìyàwó lé àna lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà kọ́kọ́ ń fi í ṣẹ̀rín. Àwọn ará Ìrẹsà kì í rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

Ní 2023, wọ́n fúnra wọn rí kókó kan ní ọyàn wọn. Ọsibítù kan ní Ìbàdàn dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣùgbọ́n Ìrẹsà ni wọ́n wà, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn kò sì dé. Ó ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fọláhànmí, àbíkẹ́yìn wọn, dojú bolẹ̀ níwájú wọn, ó ń sunkún. Wọ́n ní, “Fọláhànmí, ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fa gbogbo aláìsàn lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi gba òkè òkun lọ. Dókítà gbé àpò pupa wọn, wọ́n padà sí Ìrẹsà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìbàdàn, àrùn náà ti tàn kálẹ̀. Ẹbí kò ní tan yín jẹ: inú bí wa, ó ṣì ń bí wa, a kò kàn mọ ẹni tí à bá bínú sí ni.

Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n jáde láyé. Wọ́n fi ìyá wọn, ọkọ wọn àti àwọn ọmọ wọn sílẹ̀: Olúwadámiláre, Akínkúnmi àti Fọláhànmí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí èyí tó kéré jù kò tíì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará Ìrẹsà wá kí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ifátọ́mi ló ṣáájú wọn. Ó ní ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn àwọn ṣì wà ní títì. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ Bàbá Adéríbigbé, ó fi í lé Akínkúnmi lọ́wọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́kún.

Àríkẹ́, ọmọ Ṣàngóyẹmí, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín kò tíì dé. Ẹ má dúró dè é mọ́. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀, kí ẹ sùn re o.