Búrọ́ọ̀ṣì Tí Kò Jíṣẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ìlàrè,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Fisáyọ̀mi, Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti orí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òtútù Leeds kò wọ inú egungun rẹ, àti pé iṣẹ́ ọsibítù yín kò tíì sọ ọ́ di ẹni tí ń fi èérún búrẹ́dì ṣe oúnjẹ alẹ́. Èmi náà wà láàyè, mo sì ń jẹun. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí bó ti máa ń ṣe nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ìyá rẹ ti dé láti Ìbàdàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó fi bá Yéwándé ẹ̀gbọ́n rẹ wẹ ọmọ. Ó ní ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín, imú mi gan-an ló sì gbé wá sáyé. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Ìyá Ìbùkúnọlá, aya Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú tí a jọ ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ yunifásítì, ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ká di ohun tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ di gàrí àti èlùbọ́, èmi di lẹ́tà yìí. O lè béèrè pé kí ni mo ń kọ lẹ́tà sí nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó fà á ni pé, lórí fóònù, bí o bá ti ní, “Dádì, ṣé kò sí?”, “Kò sí o, a dúpẹ́” ni yóò já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú. Bírò kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì oníná tí o rà fún mi ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ rere rẹ̀, kí n má bàa jẹ́ aláìmoore. Ọwọ́ ọ̀tún mi tó máa ń ro mí kò lọ kò bọ̀ mọ́. Mo kàn máa ń gbé e lé eyín ni, á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jáde ní èrìgì mi ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní oṣù Kejì, obìnrin náà fi iná wo inú ẹnu mi títí, ó ní kí ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì oníná ni, pé ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds ló rà á fún mi. Kò bi mí ní ti nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ méjì ni plọ́ọ̀gì rẹ̀ ní, kò bá ihò iná wa mu. Mo rìn títí dé Sábó kí n tó rí àdápítọ̀ tí yóò gbà á. Orí rẹ̀ tí o ní kí n máa pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, n kò tíì rí ẹni tó ń tà á nílùú yìí. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì tàn án kí n tó gbé e sẹ́nu, ó fọ́n ọṣẹ sí dígí, ó fọ́n ọn sí awò ojú mi, ó fọ́n ọn sí kàlẹ́ńdà ìjọ wa. Ó máa ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n há mọ́ inú agolo, á sì máa rìn mí ní imú. Pákò kò ní wàhálà kankan nínú gbogbo èyí. Pákò kì í béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe plọ́ọ̀gì ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

O rántí bí nǹkan ṣe rí fún ọdún mẹ́rin tí o ti wà lọ́hùn-ún. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni o ti máa ń ráyè pè mí, ogún ìṣẹ́jú péré, nítorí bí ẹ bá ti dé ọsibítù, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù ń wọ̀. Àsìkò yẹn gan-an sì ni pákò máa ń wà lẹ́nu mi. O mọ bàbá rẹ. A kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tèmi kọ́ wa ní agboolé wa ní Ìrèmọ: bí o bá jí tí o kí i láìtíì kan omi, yóò kọjú sí ògiri bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́. Èmi náà sì fi kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Nítorí náà fóònù á dún, á tún dún, n ó máa wò ó lórí tábìlì, n ó máa rún pákò kíákíá bí ẹran tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e. Nígbà tí n ó bá fi ṣan ẹnu tán, o ti wọlé iṣẹ́.

Nígbà tí o wá fún ìkómọ ọmọ Yéwándé ní oṣù Kìíní, tí ìyá rẹ dúró lọ́dọ̀ wọn tí ìwọ sì tẹ̀ lé mi wá sí Ifẹ̀, o gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá. O ní, “Dádì, ogún ìṣẹ́jú ni mo ní láàárọ̀, pákò yín ló ń jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ìṣẹ́jú méjì ni eléyìí.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. O so búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ fóònù rẹ, o fi àwòrán eyín hàn mí, bí ó ṣe ń funfun díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń fọ̀ ọ́. O ní bí o bá ti rí i nínú bọ́ọ̀sì pé eyín náà ti funfun, wàá mọ̀ pé ẹnu mi ti mọ́, wàá sì pè. Mo ní ayé mà ti dé ibi tó dé o, tí ọmọ yóò wà ní Leeds tí yóò mọ̀ pé bàbá òun ti fọ ẹnu ní Ifẹ̀.

Àárọ̀ mẹ́rin tí o lò níbí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí mo bá ti pa á báyìí ní balùwẹ̀, n ó gbọ́ ohùn rẹ láti yàrá: “Mo ti rí yín o, Dádì. Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò fọ apá òsì dáadáa.” N ó padà lọ fọ apá òsì. Ìwọ á máa rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Fisáyọ̀mi, láti ìgbà tí ẹ ti dàgbà tí ẹ fi ilé sílẹ̀, n kò rántí àárọ̀ tó dùn bí mẹ́rin yẹn.

O padà. Ní ọjọ́ kejì mo jí, mo fọ ẹnu, mo jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fóònù lé itan, mo ń dúró. Kò dún. Mo ní àárẹ̀ ìrìn-àjò ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní bóyá wọ́n ti yí àsìkò iṣẹ́ rẹ padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni o bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sán: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Dádì, mo lérò pé ara yín le.” Mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kò ní ohùn. N ó dá ọ lésì pé a dúpẹ́. Bí mo bá ní kí n pè ọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ jí ọ lójú oorun lẹ́yìn iṣẹ́. Ká má sì parọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀. Bàbá kì í bẹ ọmọ pé kó wá kí òun. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ti àkọ́kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Nígbà tó pẹ́, mo wá gbà pé o ti rí i, pé rírí náà ti tó ọ. Bàbá jí, bàbá fọ ẹnu, kí ló tún kù? Mo wò ó pé ẹ̀rọ náà ti bá mi kí ọ tán, kò sì sí ohun tí o tún ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ní oṣù Kẹta, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wà láìní iná. Ní ọjọ́ kẹta, búrọ́ọ̀ṣì náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Fisáyọ̀ kò ní rí nǹkan kan lọ́la, yóò rò pé bàbá òun kò jí. Mo ti wọ bàtà kí n wá ibi tí wọ́n ti ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ, nígbà tí ọkàn mi ní, jókòó. Jẹ́ ká wò ó bóyá yóò pè. Mo bọ́ bàtà, mo dá búrọ́ọ̀ṣì padà sínú páálí, mo sì mú pákò. Mo dán ọ wò, ọmọ mi. Inú mi kò dùn láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ kìíní, o kò pè. Ọjọ́ kẹta, o kò pè. Títí ọjọ́ fi pé mẹ́fà, bàbá rẹ kò fọ ẹnu lójú fóònù rẹ, o kò sì béèrè bóyá ó ti kú.

Ní ọjọ́ keje mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Solomon tó ń gẹ irun fún mi ní Ìrèmọ, pé kó fi gba iná. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí gẹ̀? Irùngbọ̀n inú ẹnu?” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà kan ní àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń lò ó, pé wọ́n lówó débi pé wọ́n gba ẹni tí yóò máa bá wọn fọ ẹnu. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló fún mi, mo ní ọmọ mi ni. Káfíńtà náà ní ọmọ dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá rẹ dé ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, “Bàbá Yéwándé, ṣé ẹ ṣì ń lò ó ni? Fisáyọ̀ ní ẹ ti pa á tì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun ò rí nǹkan kan lórí fóònù òun. Ó ní bóyá inú ń bí yín pé òun bú pákò yín, ni òun fi rọra ń ṣe.” Orí korobá tó dojú dé ni mo jókòó lé.

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú sítọ́ọ̀, tí n kò fọwọ́ sí bébà tí n kò kà rí, n kò ka ìwé pẹlẹbẹ inú páálí yẹn. Ìyá rẹ mú un wá, mo fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá kà á. Ó wà ní ojú ewé kẹsàn-án: búrọ́ọ̀ṣì àti fóònù kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara wọn ju mítà mẹ́wàá lọ. Mítà mẹ́wàá, Fisáyọ̀. Láti balùwẹ̀ wa, kò dé géètì. Nígbà tí o wà nílé, yàrá kejì ni o wà, ni fóònù rẹ fi ń rí búrọ́ọ̀ṣì náà. Láti oṣù Kìíní, ògiri balùwẹ̀ ni mo ń fọ ẹnu fún, ìwọ náà sì ń wo fóònù nínú bọ́ọ̀sì pé kí eyín bàbá rẹ yọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá wo ojú mi, ó lọ gbé omi kaná.

Ó fẹ́ pè ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kó má pè, nítorí mo mọ̀ pé a ó kàn fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, n ó sì tún ní a dúpẹ́. Ó ní agídí ni. Agídí ni lóòótọ́.

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń gbàdúrà fún ẹ̀yin ọmọ mi kí omi tó kan ẹnu mi, nítorí ìyá tó bí mi máa ń sọ pé àdúrà ẹnu àìfọ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Mo ti dárúkọ Yéwándé, mo dé orí tìrẹ, ni ọ̀rọ̀ kan bá dá mi dúró lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bàbá ni mo ti ń fi ẹnu yìí bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìfọ̀ ọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tó ní kí n lọ kan omi ná. Ọmọ tí mo ń torí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni mo wá jẹ́ kó máa dún lórí tábìlì fún ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà, má wo eyín mi lórí fóònù mọ́. Bí o bá ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì, pè mí. N ó gbé e. Bí n kò bá tíì dìde lórí ibùsùn, n ó gbé e. Gbogbo ogún ìṣẹ́jú náà ni mo fẹ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ rẹ yóò máa tu àwọn aláìsàn lára, ara tìrẹ kò sì ní gba àìsàn wọn. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbà ọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a ti rí ara wa níjọ́sí, a ó tún fojú rí ara wa láyọ̀, kò sì ní pé ọdún mẹ́rin.

Èmi ni bàbá rẹ tí ohùn rẹ ń wù láti gbọ́,

Ìbídàpọ̀ Adédàmọ́lá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lẹ́tà: Mo ṣì ń lo búrọ́ọ̀ṣì náà o, nítorí èrìgì mi. Bí o bá rí orí rẹ̀ méjì, fún ìyá Ìbùkúnọlá kó bá mi mú un bọ̀. Bí o bá sì pè mí láàárọ̀ tí ohùn mi wúwo tàbí tí ó há, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kì í ṣe àìsàn, ẹnu àìfọ̀ ni.