Agùntáṣọọ́lò Ti Ń Ṣìnà

                                                            Ilé Kẹsàn-án, Kílóòsì D,
                                                            Ẹ́fẹ́níù Karùn-ún,
                                                            Festac Town,
                                                            Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Àǹtí wa,

Ìyàwó yín tó wà l'Éèkó ló kúnlẹ̀ yìí o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò tó kọ̀ tí kò dá. Àárò yín ń sọ mí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ń kọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ẹ ti gbé e fún aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín? Àwọn ọmọ ilé ń kọ́? Eku tí ẹ ní ó ń jẹ iṣu yín lóko ilé, ṣé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́? A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Èmi náà wà, Ọlọ́run ló ṣe é. Mo ṣì ń sáré láàárọ̀, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dárí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn jì mí. Nígbà tí ẹ wá lọ́dún tó kọjá, tí ẹ rí ìyàwó yín nínú ṣòkòtò pẹ́ńpẹ́ pẹ̀lú akoto lórí, ẹ ní ṣé ojú ogun ni mò ń lọ ni. Àwọn ọmọ àdúgbò náà kò jẹ́ n gbádùn. Bí mo bá ń sáré kọjá, wọ́n á ní, "Màmá, ta ló ń lé yín?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín tèmi tán níbí, nítorí ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni, Agùntáṣọọ́lò ọkọ mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe lẹ́nu, ìbáà ṣe nínú ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yín ni mo ti sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò nítorí gíga rẹ̀, òun náà ni mo ṣì ń pè é dòní. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Mo ń sọ ọ́ gbangba kí ẹ má baà rò pé àròkàn opó ni.

Ẹ rántí pé nígbà tí Bàbá Ìkẹ́ kú, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà mí jáde nínú yàrá tí mo ti ara mi mọ́. Ó ní kí n wá máa bá òun rìn láàárọ̀. Ìrìn di eré, eré di kẹ̀kẹ́. Gbèsè ìyè ni mo jẹ ẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń gùn ún báyìí: òun, Waheed tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná, Olúmidé tó ń tún bàtà ṣe tẹ́lẹ̀, àti èmi. Òfin wa kò pọ̀. Ẹni tó dàgbà jù ló ń ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré e kọjá. Ohun tó bá sì rí lójú ọ̀nà ló máa pariwo rẹ̀, tí ẹni tó tẹ̀lé e á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi kan èmi tí mo wà ní ìdí pátápátá. Kòtò! Kòtò! Kòtò! Ọ̀tún! Ọ̀tún! Bí a ṣe máa ń lọ nìyẹn, bí ọmọ ilé-ìwé, inú wa a sì máa dùn.

Nínú oṣù Agẹmọ ni mo kọ́kọ́ fura. Ọ̀nà Kuje tó wà nítòsí wa níbí la gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yí sí ọ̀tún, a yí sí ọ̀tún. Ó tún yí sí ọ̀tún. Nígbà tí a máa fi mọ̀, iwájú obìnrin kan tó ń din àkàrà la tún wà, ẹni tí a ti kí lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ń ṣọ́ mi ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Waheed ní Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń pè é, mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ kí a làágùn ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ilé àdúgbò wa yìí jọra, kílóòsì kan kò yàtọ̀ sí èkejì, ta ni kì í ṣìnà níbẹ̀?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a dúró mu omi ní Apple Junction, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò tíì ṣí. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ìyàwó, Adéjùwọ́n kò bá wa jáde lónìí ni?"

Adéjùwọ́n, Àǹtí! Bàbá Ìkẹ́ tèmi, tí a ti sin láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn! Mo tu omi tó wà lẹ́nu mi dànù. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà, ó ń retí èsì. Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo ní ó rẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń sùn. Ó ní ọ̀lẹ ni, láti kékeré ni kì í ti í fẹ́ jí. Ó bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé ilé, ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi ni mo wà lẹ́yìn tí kò sẹ́ni tó rí mi. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí mo sì ń rí níwájú kò dára.

Láti ìgbà náà ni ariwo tó ń ti iwájú wá ti ń dín kù. Ó máa kọjá létí kòtò tó lè gbé odindi ewúrẹ́ mì, kò ní sọ nǹkan kan. Nígbà mìíràn á ní "Òsì!", ọwọ́ rẹ̀ á na ọ̀tún. Waheed á pariwo òsì, Olúmidé á pariwo òsì, gbogbo wa á sì yí sí ọ̀tún tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹnì kejì ní ohunkóhun. Mo ní ká lọ rí dókítà, ó ní òun tó ń gun kẹ̀kẹ́ dé Àgbárá, kí ni dókítà fẹ́ wá wò lára òun?

Sátidé tó lọ yìí ló wá burú jù. A ń bọ̀ láti apá Alákijà, a fẹ́ gba títì márosẹ̀ Badagry padà sílé. Dípò kó kọjá sí òdìkejì, ó wọ ojú ibi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà bọ̀, wọnwéè gbáà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú orí lókè. Waheed tẹ̀lé e. Olúmidé tẹ̀lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n dúró, kì í ṣe ibí. Ẹ gbọ́ èsì tí Waheed fún mi láì bojú wẹ̀yìn: "Ìyàwó, ẹ fara balẹ̀, àgbà ló mọ̀nà!" Kó tó pa ẹnu dé, tírélà kan yọ sí wa, iná rẹ̀ tàn yòò, fèrè rẹ̀ ń dún lákọlákọ. Agùntáṣọọ́lò kò yà. Tírélà ló yà fún un. Atẹ́gùn rẹ̀ ló gbá Olúmidé sínú gọ́tà, egungun apá rẹ̀ sì dá. Àwọn àgbà ní bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, a máa kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ará iwájú kọjá láìfarapa, ará àárín ló jìn sí i, kò sì sẹ́ni tó kọ́gbọ́n kankan.

Nígbà tí mo sáré bá ọkọ mi níwájú, ó dúró, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ìjọba yìí mà burú o, wọ́n ti yí ọ̀nà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò báyìí? Pé Ọ̀gá ló lé tírélà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Waheed ti sọ ọ́ di ìtàn tó ń fi ń mu ọtí ọ̀fẹ́. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ọpọlọ Ọ̀gá ti ń rẹ̀ ẹ́, kí a fi ọgbọ́n gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó ilé, ọkọ yín lẹ ń pè ní wèrè? Ẹ rọra o. Àwọn èèyàn á ní ọ̀kan ti lọ lọ́wọ́ yín, ẹ tún ti ń múra èkejì sílẹ̀." Àǹtí, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún la ẹnu mi níwájú wọn mọ́, ẹ̀yin náà sì mọ irú ẹnu tí Ọlọ́run fún mi.

Mo pe Tolú ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ó ní òun àti Dádì sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè, kò sí ohun tó ṣe Dádì, kódà Dádì ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe sáà kan náà nílé-ìwé gíga fún òun. Òótọ́ ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ò ní mọ̀. Ohun àtijọ́ kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ti òní ló ń jò dànù. Ìdí tí mi ò sì fi pe ẹ̀yin lórí fóònù nìyí: ẹ máa ń ní kí wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí ìyàwó kan péré nínú agbo ilé, ó ti padà dé Festac kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń lé oorun lójú mi ni ti Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ó ní Badagry la ń lọ, lójú títì márosẹ̀ yẹn kan náà, láti fi ṣe ìrántí Bàbá Ìkẹ́. Waheed ti pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti Amuwo, wọ́n ti tó ogún. Wọ́n ti ran ẹ̀wù. Gbogbo wọn ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á máa gba ariwo lẹ́nu ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní ré e kọjá. Bó bá wọ ẹnu tírélà, inú ẹnu tírélà ni gbogbo wọn ń lọ.

Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró níbí. Gbogbo wa la kéré sí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù lókè eèpẹ̀ tó lè pè é lórúkọ láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pọ̀ ọ́n dàgbà. Bí ẹ bá ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, á ráhùn, á bínú, ṣùgbọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Bí èmi bá sọ ọ́, ìyàwó tó ń fẹ́ jẹ ogún ni mo dà.

Mo fẹ́ dánu dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Mo ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, "Folúkẹ́." Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, kò pè mí lórúkọ rí. Ó ní, "Mo ń ṣìnà, àbí?" Mo gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ó máa ń dà bíi pé wọ́n ká ọ̀nà kúrò nílẹ̀ níwájú òun, ojú a sì máa ti òun láti wẹ̀yìn kí òun sọ fún wa. Ó wá ní, "Ní Sátidé, bí o bá rí i pé mo ti ṣì í mú, má tẹ̀lé mi o. Ìwọ yà sílé." Mo ní mo gbọ́, mo sì bi í pé ta ni yóò wá mú òun alára padà. Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà tó wà nínú atẹ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi mí bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ọ̀nà wo ni mo máa gbà délé?" Ilé rẹ̀ nìyẹn, Àǹtí, ògiri kan ló là wá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì mú un dé ẹnu ọ̀nà.

Ògúnjìnmí awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ń padà sí Èkó ní Ẹtì. Mo ti ní kó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àtọmọdé àtàgbà, ẹ má sì sọ ohun tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́ ní kí n bá òun fẹnu ko yín lẹ́rẹ̀kẹ́.

Kí n má parọ́ fún yín: mo gbà fún un pé mi ò ní tẹ̀lé e. Irọ́ ni. Bí ẹ ò bá dé, tó sì wọ ọ̀nà tí kò yẹ kó wọ̀, èmi á wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa délé kí n jókòó.

Èmi ìyàwó yín, tó ń retí yín lálẹ́ Ẹtì,

Folúkẹ́ (Ìyá Ìkẹ́)