Iná Tí Kò Jóni Lójú

Àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì tèmi,

Kú iṣẹ́ o, kú ìdúró, torí mo mọ̀ pé orí ìdúró lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yín. Àìsàn àwọn tí ò ń tọ́jú kò ní ràn ọ́. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara wa le, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń ké, ìyẹn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìbòjú oníná tí o fi ránṣẹ́ fún àbúrò rẹ, èyí tí o ní ó ń wo irorẹ́, dé ọwọ́ wa. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jó irin pọ̀, mo mọ ohun tí iná ń fi ojú ṣe, òun ló jẹ́ kí ojú ọ̀tún mi máa ṣomi láìsunkún. O wá ní kí n gbé iná lé ojú ọmọ tí irorẹ́ ti jẹ níyà, tó ti yí dígí ilé wa kọjú sí ògiri, tó ń fi ìborí bojú jẹun, tó sì ní òun kò lè dúró níwájú kíláàsì tí wọ́n fún un láti máa kọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, olùkọ́ tó bá bojú, kí làwọn ọmọ fẹ́ gbọ́?

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, mo ní kí n kọ́kọ́ jìn. Àárọ̀ méje ni mo fi gbé e wọ̀. Ọmọ mi, iná tó mọ́lẹ̀ tó báyìí, kò gbóná, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, á kú fúnra rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́ ju akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ. Mo máa ń kí i kú iṣẹ́, mo sì máa ń daṣọ bò ó kó lè sinmi.

Nígbà tó kan àbúrò rẹ, mo jókòó tì í, mo gbé ìbòjú irin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ wọ̀, torí ìwé tó bá a wá ní kí á dáàbò bo ẹyinjú, kò sì sọ ti ta ni. Ìyá rẹ ṣílẹ̀kùn, ó rí ojú tó ń tàn búlúù àti orí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ mi tó sọnù lọ́jọ́sí gbà lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò rí nǹkan kan. Àbúrò rẹ sunkún, ó ní òun á kọ̀wé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Mo ní kó ní sùúrù, irin kì í gba ọ̀dà kó tó tutù. Lọ́sẹ̀ kẹfà, àwọn irorẹ́ tó wú ti ń rọlẹ̀. Àpá ṣì wà o, ṣùgbọ́n ojú náà ti ṣe é fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò bojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí alùpùpù oníbàárà mi. Oníbàárà ń dúró, èmi náà ń dúró, kò sẹ́ni tó lè ní kó kúrò. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ọ̀tún, ti òsì ni.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó dígí tí màá gbé sí ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́, kó jẹ́ èyí tó ga tó èèyàn, torí ojoojúmọ́ ló ń yà báyìí, àwọn alálùpùpù sì ń kùn.

Ojú kò ní tì ọ́ láéláé. Ìmọ́lẹ̀ tìrẹ kò ní kú, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tilẹ̀ pé.

Èmi ni bàbá rẹ, wẹ́dà.