Ọwọ́ Tí Kì Í Kọ Orúkọ: Ìgbésí Ayé Àlàájì Nùrẹ́nì Àmọ̀sù (1951–2024)

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe fìdáù yìí ti fura tipẹ́: olóògbé fẹ́ràn ìyìn. Ẹbí kò ní jiyàn.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Àlàájì Nùrẹ́nì sí Bouaké, ní Côte d'Ivoire, sínú ìdílé Àlàájì Sàbítù Àmọ̀sù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà. Bàbá ka ìwé Faransé dé ibi tí àwòrán inú rẹ̀ ti dùn mọ́ wọn ju ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán kíkùn.

Ní 1978, wọ́n fẹ́ Ìyá Sèlíátù. Bàbá ni wọ́n kun ògiri ilé onígbàjámọ̀ ní àdúgbò Broukro. Lásìkò ọyẹ́, bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, tí eruku pupa gba títì, àwọn orí tí wọ́n kùn síbẹ̀ a máa léfòó bí ẹni ń lálàá, etí wọn a sì tẹ̀ kóló bí ìwọ̀ ìpẹja.

Ní 1994, Christian, olùkọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn, fi ìkòkò àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ hàn wọ́n nínú ìwé: àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú lórí amọ̀ pupa, bí òjìji tó ń rìn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Ta ló kùn ún?"

"Anonyme ni, Bàbá. Etí tó máa ń kùn ni wọ́n fi ń dá ọwọ́ ẹ̀ mọ̀."

Anago ni Bàbá gbọ́, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe àwa Yorùbá.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ará wa ni!"

Christian ṣàlàyé títí pé ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ ni anonyme. Bàbá ní, "Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó lójú á mọ̀." Láti ọjọ́ náà, wọn ò kọ orúkọ sí iṣẹ́ kankan mọ́.

Wọn kì í pa ìrun jẹ. Nígbà tí àfáà àdúgbò ní kí wọ́n yé kun ènìyàn, wọ́n dáhùn pé, "Àfáà, kò kúkú sí orúkọ mi níbẹ̀." Kò pẹ́ tí wọ́n tún dá ẹni tó ń kọjá dúró: "Ṣé ẹ mọ ọwọ́ tó ṣe èyí?" Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kun gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí àìsàn dé, Muhsinah, àkọ́bí wọn, bẹ̀ wọ́n: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín sí wọn. Bí ẹ bá lọ, ta ni yóò mọ̀?" Wọ́n ní kó gbé àwọn lọ sí ìlú Djébonoua, síwájú ògiri ilé onídìrí kan.

"Ya fọ́tò èyí, kí o fi síwájú ìwé fìdáù mi. Wo etí yẹn! Ta ló tún lè ṣe é láyé yìí?"

Wọ́n fi Ìyá Sèlíátù sáyé lọ, pẹ̀lú Muhsinah, Malick, Fadila, àti àwọn ọmọ-ọmọ ní Bouaké, Bodokro àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá, kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí ibùsùn yín. Ẹ sùn fọnfọn.

Ọwọ́ Àwáàlù, ayàwòrán ará Djébonoua, ni àwòrán iwájú ìwé yìí. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri, níbi tí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà bò.